Ipò Kìíní, Oṣù Kẹwàá

Kí ẹnikẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù kan
ni mo ti kọ ipò kìíní.
Pátákó wà lẹ́bàá ọ́fíìsì eré ìdárayá ní Kábbà,
ikán ti jẹ etí rẹ̀ kan.
Ẹfun wà lọ́wọ́ mi, ọwọ́ mi kò gbọ̀n.
Mo kọ Ẹ̀gbẹ̀. Mo kọ Ìsánlú. Mo kọ Mọ̀pà.
Mo kọ Kábbà sí ìkẹrin, nítorí Kábbà ni mo ń gbé,
mo sì fẹ́ sùn lálàáfíà.

Òtítọ́jù ni bàbá mi sọ mí,
ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ lọ́jọ́ náà, èṣí ni:
ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ gíga kan
tó fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan ṣoṣo.
Ọmọ náà ti jáde ìwé.
Ó ń ru sìmẹ́ǹtì ní Ọ̀bàjànà,
orí rẹ̀ sì ń jẹ góòlù lórí pátákó mi.

Wọ́n pé jọ: ọlọ́kadà, olùkọ́ ìṣirò,
ìyá tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ aṣọ́lé.
“Ọ̀gá, báwo lẹ ṣe mọ̀?”
Mo ní a máa ń mọ̀.
Ní Ọ̀gìdì, bí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀,
igi kọfí a funfun látòkè délẹ̀,
oníṣòwò a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó.
Òdòdó ló ń kà o.
Kò tíì kan èso.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, Ẹ̀gbẹ̀ na Odò-Ẹ̀rẹ̀, mẹ́fà sí òdo.
Mo fa ìlà méjì sábẹ́ orúkọ Ẹ̀gbẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ kejì, Ìyárá, tí n kò kọ sí ibì kankan,
lọ sí Ìsánlú nínú bọ́ọ̀sì tí àwọn fúnra wọn ń tì gun òkè;
ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ náà ni wọ́n fi jẹ ẹyọ kan,
wọ́n sì dì í mú títí fèrè fi dún.
Ṣé Ìyárá ló le ni, àbí Ìsánlú ló rọ̀?
Ìsánlú na Mọ̀pà. Mọ̀pà na Ìyárá.
Òrùka ni, kò lórí, kò nídìí,
wọ́n sì ní kí n wá orí fún un.

Lóru Jímọ̀, òjò dé látẹ̀yìn òkè,
ó nu pátákó mọ́.
Lówùúrọ̀ gbogbo wọn dọ́gba:
kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́jọ, omi.
Mo dúró níwájú rẹ̀, ó pẹ́.
Láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí,
n kò tíì kọ ohun tó tọ̀nà tó bẹ́ẹ̀.
Lẹ́yìn náà mo gbé ẹfun.

Bó bá di oṣù kejì, tí ọyẹ́ ti la ètè gbogbo wa,
ọkùnrin mẹ́rin àti Màmá Jẹ́mírìn
yóò jókòó sí yàrá tí fáànù rẹ̀ kì í yí,
láti yan mẹ́rin tí yóò lọ Lọ́kọ́ja.
Ọ̀kan á ní, “Ẹ ka iye ìgbà tí wọ́n borí.”
Òmíràn á ní, “Ẹ wo ẹni tí wọ́n borí.”
Ẹnì kẹta, tí àbúrò rẹ̀ ń wọ nọ́ńbà méje ní Mọ̀pà,
á ní òun ò ní sọ nǹkan kan,
á sì sọ ọ́ fún wákàtí méjì.

Ìrọ̀lẹ́ àná, Ọlọ́runnípá dé,
aṣọ́lé Ẹ̀kìnrìn-Àdé, ìbọ̀wọ́ rẹ̀ lábùlẹ̀ mẹ́ta.
“Ọ̀gá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi wá sí ìkarùn-ún,
ṣé ìkarùn-ún jìnnà sí ìkẹrin?”
Mo wo ẹfun tó kù lọ́wọ́ mi,
kò ju èékánná lọ.
Ó gbé ọwọ́ lé pátákó bí ẹni tó ń wọn ọ̀nà.
Nígbà tó ká a kúrò,
Kábbà ti di èéfín, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun.

Kò sẹ́ni tó rí wa.
N kò tún un kọ.
Kí ọmọ náà sùn sí àlàfo yẹn
di àárọ̀.