Ìṣó Ara Ògiri

Àwòrán ọ̀gá kẹfà ni wọ́n gbé kọ́ láàárọ̀ yìí
ní ọ́fíìsì iwájú, ní ọsibítù wa ní Òkè-Baálẹ̀.
Wọ́n pààrọ̀ àwòrán. Wọn ò pààrọ̀ ìṣó.
Ìyá Ọ̀ṣungbèmí ló kàn án
lọ́dún tí wọ́n gbà á sí yàrá káàdì;
gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ ló fi gbá a wọlé,
torí káfíńtà ní òun ò tíì gbowó oṣù.

Yàrá káàdì ò ní fèrèsé.
Eruku ibẹ̀ ti jẹ ohùn rẹ̀ dé ìdajì.
Tó bá ti húkọ́, a mọ̀ pé ilẹ̀kùn ti ṣí.
Bó o bá ti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun wá, tójò ba káàdì rẹ jẹ́,
á wò ọ́ lójú fín, á ní:
“Ṣé ìwọ kọ́ lo bí ìbejì
lọ́dún tí odò gbé afárá lọ?”
Kó o tó dáhùn, fáìlì rẹ ti wà lórí tábìlì.

Ọ̀gá kẹrin lọ sí Dùbáì, ogójì ọjọ́ gbáko.
Kí ló ṣẹlẹ̀? Àga rẹ̀ tutù.
Dírẹ́bà rẹ̀ sanra díẹ̀.
Ibà kankan ò dúró dè é.

Ọjọ́bọ̀ kan ṣoṣo ni Ìyá ò wá,
wọ́n ń sọ ọmọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ ní Ẹdẹ.
Háà! Ìlà gba ẹnu géètì jáde,
ó kọjá ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà.
Dókítà mẹ́ta jókòó, wọ́n ń wo ara wọn bí àlejò.
Èmi tí wọ́n ń pè ní igbákejì rẹ̀,
mò ń ṣí dúrọ́ọ̀, mò ń tì í,
òógùn mi ń kán sórí orúkọ àwọn tó ti kú.
Nígbà tó dé lọ́jọ́ Ẹtì, kò bínú.
Ó kàn ní, “Ṣé o jẹun lánàá?”

Ní báyìí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ lókè.
Wọ́n fún ọ̀gá tuntun ní àwo dídán
pé òun ló mú ọsibítù wa gún régé.
Ọjọ́ kọkànlá rẹ̀ rèé láàárín wa.
Ìyá dúró lẹ́yìn gbogbo àga,
ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, ó ń wo ògiri:
“Àwòrán yẹn ti ń wọ́ o. Ó ti rẹ ìṣó.”

Lóṣù tó ń bọ̀ ló máa fẹ̀yìn tì.
Kò sẹ́ni tó tíì béèrè ta ló máa gba kọ́kọ́rọ́.
Èmi náà ti ń húkọ́.