Ẹ̀kọ, Ẹ̀kọ́

Èmi Eneless ni mò ń ro ẹ̀kọ nílé-ìwé Namalombe,
létí adágún Chilwa, omi tó máa ń gbẹ pátá,
tó sì tún máa ń padà
bí ọkọ tó lọ wa góòlù ní Joni.
Èmi ń ro ẹ̀kọ, Tísà Nangwale ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́.
Ohùn díẹ̀ ló wà láàárín iṣẹ́ àwa méjèèjì.

Ìdájí ni mo ti ń dáná.
Àgbàdo lílọ̀ òun sóyà, nínú àpò funfun
tí wọ́n tẹ àsíá orílẹ̀-èdè kan sí lára.
N kò lè fi ìka tọ́ka sí ìlú náà lórí àwòrán ayé,
àmọ́ mo mọ àsíá rẹ̀ bí mo ṣe mọ àpá orúnkún mi.

Kí ẹ̀kọ tó dé, ọgọ́ta ọmọ la ní.
Ẹ̀kọ dé, wọ́n di irinwó.
Wọ́n ń tú jáde láàárín koríko etí omi bí ẹyẹ ẹ̀gà,
oníkálùkù pẹ̀lú ife lọ́wọ́:
ife páànù, ife oníke, ìdajì agolo òróró.
Ìdérí fìlàsì ni Tamandani gbé wá.
Tísà nìkan ló dúró níwájú gbogbo wọn
pẹ̀lú ẹfun kan ṣoṣo tó ti ṣẹ́ sí mẹ́ta.
Ó ní, "Ìyá, ẹ ti bá mi bọ́ ikùn wọn.
Ta ni yóò bá mi bọ́ orí?"

Àwọn àlejò dé nínú ọkọ̀ funfun méjì.
Wọ́n ka ọmọ, wọ́n tún un kà, iye rẹ̀ kò bára mu.
Obìnrin tó ń jẹ́ Solveig mu ẹ̀kọ mi tán,
ó sì fọ ife náà fúnra rẹ̀. N kò gbàgbé ìyẹn.
Ó ní kí ni mo fẹ́. Mo ní iyọ̀.
Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀ lókè, ó wò ó nísàlẹ̀,
kò sí ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún iyọ̀.
Tamandani bi í bóyá ebi ń pa ọmọdé nílùú tiwọn.
Ògbufọ̀ wúkọ́.
Kò túmọ̀ rẹ̀.

Lára àpò ni mo ti kọ́ lẹ́tà.
Tísà á pè é nínú yàrá, àwọn ọmọ á gbè é,
èmi á wá a kiri lẹ́yìn fèrèsé,
pẹ̀lú igi ìrokẹ̀kọ lọ́wọ́, èéfín lójú,
ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta.
Gbólóhùn tí mo kọ́kọ́ kà láyé mi nìyí:
KÌ Í ṢE FÚN TÍTÀ.
Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀kọ fi jó.
Mo rántí iye irú àpò bẹ́ẹ̀ tí mo ti rí lọ́jà.

Nígbà tí lẹ́tà ìdágbére dé, èmi ni mo kà á fún abúlé.
Ọdún mẹ́ta ti pé. Iṣẹ́ àkànṣe ti parí.
Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa.
(Mi ò mọ ohun tí a ṣe fún wọn.)

Irinwó di igba. Adágún fà sẹ́yìn,
àwọn ọmọkùnrin tẹ̀ lé ẹja lọ.
Ó ku àádọ́rùn-ún.
Ẹni tó bá sọ pé òfo ni, kó yọ ọgọ́ta kúrò níbẹ̀
kó wá sọ fún mi ohun tí ọgbọ̀n ọmọ jẹ́.
Mo mọ orúkọ wọn. Mo lè kọ ọ́.

Wọ́n ṣì ń mú ife wá.
Tísà ń fi wọ́n kọ́ ìṣirò,
mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta nínú iyanrìn, oòrùn kún inú wọn.
Mo bi Tamandani pé ìdérí fìlàsì yìí ńkọ́, fún kí ni?
Ó ní, "Bóyá."

Mo fọ ìkòkò ńlá lánàá.
Kò dọ̀tí.
Mo ṣáà fọ̀ ọ́.