Korobá Mẹ́tàdínlógún

Korobá mẹ́tàdínlógún ni mo ní.
Mo mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jókòó sí nínú gbọ̀ngán ìlú Aldrum
bí olùkọ́ ṣe mọ àga ọmọ iléèwé rẹ̀.
Pupa wà lábẹ́ àwòrán olórí ìlú àkọ́kọ́,
imú ọkùnrin náà lomi ń gbà kán sí i.
Èyí tó sán létí ń ṣọ́ yàrá ìwé ilẹ̀.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń gbé wọn dà.

Bàbá bàbá mi wà lára àwọn tó ru bíríkì ilé yìí,
nígbà tí irin ṣì ń jáde nínú ilẹ̀ Minnesota
tí owó ń wọlé bí ẹni ń bu omi lódò.
Wọn ò fi sẹ́ǹtì kan pamọ́ de ogbó rẹ̀.
Ta ló ń ra pósí fún ọmọ tuntun?

Ti ilé panápaná tún wá yàtọ̀.
Kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà ni wọ́n wọn ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fún.
Ọkọ̀ tuntun dé, ó fi ìka mẹ́rin ga jù ú lọ.
Dwain àtàwọn ọmọ rẹ̀ a tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ kó tó lè wọlé,
bó bá jáde, wọ́n á dúró fẹ́ ẹ kó tó lè sáré.
Iná kì í dúró de ẹni tó ń fẹ́ táyà.
Ẹ bi ìdílé Oberg.

Ẹnjiníà Solveig Trask dé pẹ̀lú òòlù kékeré,
ó gbá ògiri, ó fetí lé e
bí dókítà ṣe ń fetí sí àyà àgbàlagbà,
ó kọ nǹkan sílẹ̀, kò kà á sí wa létí.
Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la gbọ́ iye rẹ̀:
mílíọ̀nù méjìlélógójì dọ́là.
Gbọ̀ngán, ilé panápaná, àgọ́ ọlọ́pàá.
Ká yá a, ká fi ogún ọdún san án,
ilé kọ̀ọ̀kan, dọ́là mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún lọ́dún.

Lálẹ́ ìpàdé, ìyá àgbà Lorna Besk dìde,
kò bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀:
“Òrùlé tèmi náà ń jò.
Ìgbà wo lẹ máa dìbò fún tèmi?”
Kánsẹ́lọ̀ méje, kò sẹ́ni tó lanu.
Korobá pupa nìkan ló fèsì:
tó.
Tó.
Tó.

Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó,
onílé ni ò níí gbà fún un.
Àwa la nilé. Ọwọ́ wa wà nínú àpò.

Ìbò mẹ́sàn-án la fi pàdánù.
Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mi ò sọ fún ìyàwó mi:
ọ̀kan nínú mẹ́sàn-án yẹn, ọwọ́ mi ló ti jáde.
Èmi tí mo ń da korobá!
Nínú àwòrán ilé tuntun, mo wá yàrá bọ́ílà, mi ò rí i.
Ooru á máa ti abẹ́ ilẹ̀ wá, kò ní í wá ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀.
Ikọ́ bọ́ílà àtijọ́ yẹn, mo mọ̀ ọ́n ju ikọ́ ara mi lọ.
Mo ní owó orí ló pọ̀ jù.
Irọ́ ni.

Ọdún méjì kọjá. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kan, àjà já,
ó bọ́ sórí àga Mavis akọ̀wé,
tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lọ bu kọfí.
Iye ilé ti di mílíọ̀nù mọ́kànléláàádọ́ta.
Ohun tá a kọ̀ láti rà lánàá
kò dúró sójú kan dè wá.

Lọ́jọ́ ìbò kejì, ìyá Besk fi ọ̀pá rìn nínú yìnyín wá.
Kò sọ ohun tó tẹ̀. Èmi náà ò sọ.
Ó wọlé.

Lánàá ni Solveig tẹ́ àwòrán síwájú mi.
Òrùlé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tábìlì tá a tẹ́ ẹ lé.
Mo ní, “Yìnyín wá ń kọ́?”
Ó ní omi ní ọ̀nà tirẹ̀, wọ́n ti búra fún un fún ọgbọ̀n ọdún.
Mo dúpẹ́.

Mo fọ korobá mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún,
mo tò wọ́n bọ inú ara wọn.
Mi ò tíì dà wọ́n nù.