Òṣó ní Ìbòdì

Ìrì ṣì wà lórí koríko nígbà tí a kúrò ní Ifẹ̀,
èmi, Dúrótoyè, Ìbíyẹmí tó wọ bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, láti bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìtọ̀
ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń sinmi.
Ìbíyẹmí á gbé ike tẹ̀ lé mi,
ike tí ẹ̀dọ̀fóró mi ń sun omi sí.

A dé Ọ̀ṣú, ẹsẹ̀ ṣì ń gbọ́ràn.
Ọlọ́kadà kan ní, ta ló ń lé yín?
Dúrótoyè nàka sí mi lẹ́yìn: "Òun ni."
Ẹ̀rín gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́
níbi tí wọ́n ti ki rọ́bà bọ̀ mí.

Ní Ìbòdì mo lóṣòó sétí títì.
Wọ́n sáré padà, ojú wọn ti yí. "Ká pe ọkọ̀?"
Rárá o.
Bàbá bàbá mi ta aṣọ láwìn dé Èkìtì;
bí onígbèsè bá tilẹ̀kùn, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà,
kò ní bú ẹnikẹ́ni, kò ní dìde,
àfi tí owó bá jáde.
Oṣù mẹ́jọ ni mo fi lóṣòó ní Wẹ́sílì.
Wọn ò tíì san gbèsè èémí mi tán;
èyí tí mo rí gbà ni mo ń ná yìí.

Ẹ jẹ́ n mí díẹ̀.

Mo dìde. Wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni pé ó rẹ̀ wọ́n,
kí n lè bá wọn.
Páànù Iléṣà pọ́n lókèèrè.
Ìbíyẹmí ní bàtà ẹ̀gbọ́n òun ti ya.