Ìka Ìyá Odùnúgà

Ojú ewé mẹ́rìnlá ni mo gbé wọ Òkè-Sópẹ́n.
Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti kọ wọ́n, nínú ọ́fíìsì,
fáànù ń fẹ́ mi lórí, tíì ń tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi:
Ẹ̀rọ yóò fi ìtẹ̀ka dá ọmọ ẹgbẹ́ mọ̀.
Ẹ̀rọ yóò ka owó àjọ sókè fún ẹni tí kò mọ̀wé.
Ọ̀gá mi buwọ́ lù ú. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí.

Ìdí agbada ni mo bá Ìyá Odùnúgà.
Kò dìde. Bí gàrí bá jóná, ṣé èmi ni n óò san án?
Ó na àtàǹpàkò sí mi láìwojú mi.
Mo gbé fóònù sí i. Fóònù ní òun ò mọ̀ ọ́n.
A nù ún mọ́ aṣọ. A tún tẹ̀ ẹ́.
Fóònù ní òun ò mọ̀ ọ́n.
Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹ̀rín pa á:
"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé, ọmọ mi.
Bí mo ṣe ń bó ẹ̀gẹ́
ni ẹ̀gẹ́ náà ń bó mi."

Mo tẹjú mọ́ ìka náà. Ó ń dán
bí etí igbá tí wọ́n fi ń ro gàrí.
Kò sí ìlà kan tó ṣẹ́kù níbẹ̀.

Mo ní kò burú, ẹ gbọ́ eléyìí ná.
Mo tẹ bọ́tìnì. Fóònù lanu gbàgà:
"Owó yín jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà méjìlélógójì náírà!"
Ó kọjá lórí Efúnyẹlá tó ń jọ̀ gàrí,
ó kọjá lórí ewúrẹ́,
ó dé etí bàbá tó ti ń díbọ́n oorun láti àárọ̀.
Bàbá la ojú kan.

"Pa á! Ta ló rán an níṣẹ́?
Mo ní kó bá mi mọ iye owó mi,
mi ò ní kó bá mi polówó rẹ̀."

Wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí.
Orí mélòó ni mo ti fá nínú ọ́fíìsì yẹn!

Mo dojú garawa kan dé, mo jókòó lé e, mo panu mọ́.
Ọjọ́ mẹ́ta.
Mo rí oòrùn bó ṣe ń fọ ojú fóònù funfun.
Mo rí i pé ọwọ́ òsì nìkan ló máa ń ráyè.
Mo rí Ṣónẹ́yẹ tó ń gun òkè lọ sídìí ilé kòkó
kí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó lè rántí wa.
Mo rí ògiri tí wọ́n fèédú kọ:
ìlà kúkúrú, ìlà gígùn, àgbélébùú fún ẹni tó yáwó.
Lẹ́yìn ìlà Efúnyẹlá, òbìrìkìtì kan.

Mo ní, "Èyí ńkọ́?"
Ìyá rẹ ohùn sílẹ̀.
"Ó sìnkú ọmọ. A kì í bi í ní owó
títí yóò fi mú un wá fúnra rẹ̀."

Ewé kan péré ni mo gbé padà.
Yóò dákẹ́. Yóò ṣeé fọwọ́ òsì lò.
Yóò máa pa owó mọ́ nígbà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá sọnù.
Ọ̀gá mi ń kà á, ó fìka kan òbìrìkìtì nísàlẹ̀:
"Kí ni ẹ̀rọ yóò ṣe bí wọ́n bá tẹ èyí?"
Mo ní kò ní ṣe nǹkan kan. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.
Ó ní báwo la ó ṣe dán an wò?

Èmi náà ò tíì mọ̀.