Dúrógbọ́

Dúrógbọ́ ni mo sọ ọ́
nígbà tó ṣì ń jẹ bàtà mi lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan,
nítorí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì.
Nílé wa, a kì í sọ ajá lórúkọ lásán.
Derek, tí ògiri rẹ̀ lẹ̀ mọ́ tèmi, kò lè pè é tán.
"Dúró" ló ń pè é.
Ajá á sì dúró.

Ọdún kẹtàlá rèé.
Ojú ọ̀tún ló kọ́kọ́ ṣú,
ó funfun bí omi ìrẹsì.
Lẹ́yìn náà ni tòsì wú, ó pọ́n,
ajá ń fi orí gbo ẹsẹ̀ àga.
Dókítà ẹran tan iná sí i lójú,
ó ní omi inú ẹyinjú ló ń tì í láti inú,
ó ní èyí tó lọ ti lọ,
ká máa tọ́jú ìrora.
Ó fún mi ní ìgò kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ.
Ẹ̀kán kan láàárọ̀, ẹ̀kán kan lálẹ́.

Láti ìgbà náà, àga kan ò gbọdọ̀ yẹ̀ nínú ilé mi.
Mo so ṣaworo mọ́ okùn bàtà mi
kó lè mọ ibi tí mo wà,
mo wá ń ró wọnwọn bí ẹṣin ìjòyè
nínú kíṣìnì ara mi.
Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.
Tèmi gbọ́ fèrè. Ọdẹ ni kò rí.
Ó fi orí sọ ilẹ̀kùn fíríìjì,
ó yí padà, ó wò mí.
Mo ní ó wò mí; imú ló fi wò mí.

Bí a bá dé ẹ̀bá ebúté Grimsby,
tí atẹ́gùn gbé òórùn ẹja yíyan kọjá,
òun ló ń fà mí lọ.
Òórùn yẹn jọ ti ẹ̀yìnkùlé ìyá mi ní Ìkìrun.

Irú àrùn ojú yìí náà ló ṣe ìyá mi.
Mo fowó ránṣẹ́. Owó dé.
Mojírádé, ọmọ alájọgbé wọn, ló ń kán an sí wọn lójú
bó bá ti ilé ìwé dé,
bó bá rántí.
Wọn a máa bi mí lórí fóònù pé,
"Ṣé ilẹ̀ ti mọ́ lọ́dọ̀ yín?"
Mo rò pé aago ni wọ́n ń béèrè.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ iye tí mo ń ra oògùn ajá,
ó ní ṣé orí mi pé.
Mi ò bá a jà.

Lálẹ́ òní, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀,
mo gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé itan.
Dúrógbọ́.
Ẹ̀kán àkọ́kọ́ tàsé, ó ṣàn gba imú,
ó lá a.
Ìkejì wọlé.
Lóde, Derek ń wọ́ ike ìdọ̀tí rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà,
ọ̀la ni wọ́n máa kó o.
Ajá na etí.
Èmi náà gbọ́.