Kẹ̀kẹ́ Gbogboǹṣe

Mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n fara ti ògiri gáréèjì ní Rọ́sílándì
bí orogún tí kì í bára wọn sọ̀rọ̀.
Èyí àkọ́kọ́ fúyẹ́ bí ìyẹ́ àdàbà. Òkè gígùn ni tirẹ̀:
bó bá ń lọ sókè, àfi bí ẹni pé wọ́n ń fi okùn fà á,
ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀,
a máa gbọ̀n bí ọmọ tí ibà mú.
Èkejì wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì, sípíríǹgì rẹ̀ nípọn tó ọwọ́ mi,
àpáta ló ń wá kiri tí yóò fò láti orí rẹ̀,
àmọ́ kí n tó tì í dé òkè, ojú mi á ti pọ́n.
Ìkẹta ni ti iṣẹ́: táyà tẹ́ẹ́rẹ́, agogo lọ́wọ́, apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn,
òun ni mo fi ń sọ̀ lọ sílé ìwòsàn ní Tírélì.

Ní oṣù kẹwàá, onílé ní òun fẹ́ gáréèjì fún ọkọ̀ ojú omi òun.
"Ọ̀kan péré ló lè dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀,"
ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣe mí lóore.

Mo gbé ọ̀rọ̀ lọ bá Fẹ́nyà Kónkìn,
obìnrin tí òróró ṣéènì ti di àwọ̀ èékánná rẹ̀.
Mo ní, "Ta kẹ̀kẹ́ gbogboǹṣe fún mi:
kó fúyẹ́ lókè, kó lágbára nísàlẹ̀,
kó mọ ọ̀nà ibi iṣẹ́,
kó má sì dójú tì mí níwájú ọmọ mi ní Sátidé."
Ó ń nu ọwọ́. Kò dáhùn.
Ó pẹ́ kó tó ní, "Ìgbà mélòó lo gun òkè ńlá yẹn lọ́dún yìí?
Má sọ ti àlá fún mi o. Sọ ti táyà."

Mo fi ìka kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.
Nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni mo fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀, tí èjìká mi ti yẹ̀.
Ṣùgbọ́n ọ̀nà kékeré ẹ̀yìn ilé-ìwé Ìbídùn,
gbòǹgbò igi páìnì, afárá pákó, ìgbẹ́ béárì láàárín ọ̀nà,
ibẹ̀ la wà nírọ̀lẹ́ nírọ̀lẹ́ láti ìgbà tí yìnyín ti yọ́.

Ọ̀nà kan ò wọjà, òótọ́ ni.
Ṣùgbọ́n ìdí kan ni mo ní tí mo fi ń jókòó,
àti orúnkún méjì, tí tòsì ti ń ráhùn.
Adégòkè ni wọ́n sọ mí ní Ìdànrè,
níbi tí ọmọdé ti ń mọ àpáta kó tó mọ ìwé.
Wọ́n ní kí adé gòkè.
Kò sẹ́ni tó sọ bó ṣe máa sọ̀.

Fẹ́nyà ti ọ̀kan jáde, aláwọ̀ ewé tó ti ṣá díẹ̀.
Táyà rẹ̀ ò sanra, kò sì rù.
"Èyí ò mọ nǹkan kan ṣe dé góńgó.
Lókè, á kùn díẹ̀. Nísàlẹ̀, á gbọ̀n díẹ̀.
Ṣùgbọ́n kò ní ní kí o padà sílé lọ mú òmíràn."

Mo rántí ìgò tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi.
Ó máa ń sọ pé kò wo àrùn kan san pátápátá rí,
síbẹ̀ òun ló ń lò fún ikọ́, fún inú rírun, fún ẹsẹ̀ dídùn,
kò sì jẹ́ kó gbẹ.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé èyí wúwo sẹ́yìn ọkọ̀ ẹlòmíràn,
mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń ka òkúta.

Sátidé, Ìbídùn ti ṣíwájú, irun dídì rẹ̀ ń jó lábẹ́ akoto.
"Dádì, ṣé ó dáa?"
Kẹ̀kẹ́ kùn. Èmi náà kùn.
A jọ dé orí òkè.
Ó wá ku bí a ṣe máa sọ̀.